Ihò kékeré àbí kí wọ́n la ìhà ọmọ? Ìbéèrè ìyá kan láti Èbúté, Ìkòròdú

Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Èbúté ní Ìkòròdú ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 6, ni ara rẹ̀ kò yá. Ikọ́ àti ibà ló fi bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò wa fa omi sí i lára, wọ́n sì gún un lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá, ṣùgbọ́n ṣe ni ó túbọ̀ ń mí gúlegúle. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn ìjọba, fọ́tò àyà fi hàn pé ẹ̀gbẹ́ òsì ti funfun pátá. Wọ́n ní òtútù àyà ni, pé ọyún ti kún ìta ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ki rọ́bà bọ ìhà rẹ̀, ọyún jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró kò wú padà. Ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin báyìí tí ara rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbóná. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ní kí a jẹ́ kí òun la ìhà rẹ̀, kí òun bó èèpo tó bo ẹ̀dọ̀fóró kúrò. Bàbá rẹ̀ fárígá, ó ní ẹnikẹ́ni kò ní la ọmọ òun bí ẹran Iléyá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan tó ń gbé ní Lẹ́kí ní ilé ìwòsàn aládàáni kan wà tí wọ́n ń fi kámẹ́rà àti ihò kéékèèké mẹ́ta ṣe irú iṣẹ́ yìí, pé kí a ní sùúrù oṣù kan kí ẹbí lè kó owó jọ. Èwo ni kí n ṣe? Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi di alábùkù ara, mi ò sì fẹ́ pàdánù rẹ̀.

* * *

Àbúrò mi, kí n tó sọ ohunkóhun nípa ihò tàbí ojú abẹ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú oṣù kan yẹn kúrò nílẹ̀. Ẹ má ṣe dúró fún oṣù kan. Bí owó kámẹ́rà bá wà nílẹ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ wà tí a lè jọ sọ lé e lórí. Bí kò bá sí, kò sí ohun tí a tún ń jiyàn lé, nítorí pé ohun tó wà ní ìhà ọmọ yín kò mọ̀ pé ẹbí ń kó owó jọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ògì ṣàlàyé rẹ̀. Ọyún tó ń kó jọ sáàárín ẹ̀dọ̀fóró àti ògiri àyà máa ń gba ìpele mẹ́ta kọjá. Ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ó máa ń ṣàn bí omi orí ògì, rọ́bà kan ṣoṣo sì lè fà á tán. Lẹ́yìn náà, yóò ki, okùn tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn yóò ta kókó nínú rẹ̀, yóò sì pín ara rẹ̀ sí yàrá-yàrá, tó fi jẹ́ pé rọ́bà lè fa yàrá kan gbẹ kí mẹ́ta yòókù ṣì kún bámúbámú. Nígbà tó bá fi tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó ti dà bí ẹ̀kọ tó tutù tí ojú rẹ̀ ti fa awọ. Awọ yẹn yóò máa le lójoojúmọ́, títí yóò fi di èèpo gidi tó há ẹ̀dọ̀fóró mọ́. Ẹ̀dọ̀fóró tó wà lábẹ́ irú èèpo bẹ́ẹ̀ kò lè wú, bó ti wù kí ọmọ gbìyànjú láti mí tó.

Ọmọ yín ti wà ní ìpele kẹta, tàbí kí ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ohun tí dókítà yẹn rí nìyẹn tó fi ní kí òun la ìhà. Bí ẹ bá ti gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ má dá a lábàá.

* * *

Ọ̀pọ̀ yín ló ti dá sí i láti àná, èrò tó sì wọ́pọ̀ jù lọ nínú ohun tí ẹ sọ ni pé ihò kékeré ni ìrora kékeré, ọjọ́ díẹ̀ ní ilé ìwòsàn, àpá kékeré, nítorí náà kí ẹni tó bá lágbára rẹ̀ máa lọ síbẹ̀ láì bojú wẹ̀yìn. Mo fara mọ́ apá kan nínú rẹ̀. Lábẹ́ egungun ìhà kọ̀ọ̀kan ni iṣan ìmọ̀lára kan gbà kọjá; nígbà tí wọ́n bá la ìhà, irin kan wà tí wọ́n fi ń ya egungun méjì sọ́tọ̀ kí ọwọ́ lè ráyè wọlé, irin náà sì máa ń tẹ iṣan yìí. Kámẹ́rà kò nílò irin yẹn, torí náà ọmọ tí wọ́n lu ihò mẹ́ta fún sábà máa ń tètè jókòó, á sì tètè béèrè oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ, ìbáà jẹ́ ihò tàbí ojú abẹ gígùn, rọ́bà ṣì máa wà ní ìhà rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, rọ́bà yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń sunkún sí jù. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n fi kámẹ́rà ṣiṣẹ́ fún tí kò jẹ́ kí a fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì òun, mo sì ti rí èyí tí wọ́n la ìhà rẹ̀ tó ń fi bọ́ọ̀lù gbá ògiri ní ọjọ́ karùn-ún, nítorí pé dókítà tó kùn ún lóorun ti fi abẹ́rẹ́ mú kí iṣan ìmọ̀lára ìhà rẹ̀ kú tipiri fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó rán an pa. Ìtọ́jú ìrora ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà tí mo máa ń fún àwọn tó bá ń fi ìbú ojú abẹ díwọ̀n ìrora. Àwọn ọmọ kan wà tí egungun igbá-àyà wọn jìn wọlé bí àwo. Ní 1987, dókítà kan tó ń jẹ́ Donald Nuss ní ìlú Norfolk, ní Virginia ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí fi irin títẹ̀ kan gbé igbá-àyà náà sókè láti inú. Ojú abẹ kékeré méjì péré ló ń lò, ọ̀kan ní ìhà ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Ọdún 1998 ni ó tó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀nà tí Ravitch ti là sílẹ̀ ní 1949 ni ọ̀pọ̀ ń gbà, wọ́n á la iwájú àyà, wọ́n á sì gé kèrèkèrè egungun kúrò. Ti Nuss ló kéré jù lójú, àmọ́ ó wà lára àwọn iṣẹ́ abẹ àyà tó máa ń ro ọmọ lára jù lọ, nítorí pé ọdún méjì sí mẹ́rin ni irin yẹn yóò fi máa ti egungun, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ sì le.

* * *

Ẹni tó kọ̀wé láti Ẹ̀pẹ́ pé «ọmọ wa ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ṣẹ́ kámẹ́rà»: ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kámẹ́rà fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun. Láti 1910 ni Jacobaeus, dókítà ará Sweden, ti ń fi ọ̀pá oníná wo inú àyà ènìyàn, tí ó sì ń lò ó fún àwọn tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Fún àwọn ọmọdé, láti àwọn ọdún 1970 ni iṣẹ́ ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀ sí gbèrú. Ohun tó tuntun ni irinṣẹ́ tó tín-ín-rín tó mìlímítà 3 tàbí 5, tó lè gba àárín egungun ìhà ọmọ kọjá. Ohun tí ẹ fi ń ṣàníyàn yẹn ṣì wà níbẹ̀: ọwọ́ ẹni tó mú irinṣẹ́ náà lè jẹ́ ọwọ́ tuntun. Ẹ bi oníṣẹ́ kámẹ́rà bóyá ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, ẹ bi ẹni tó fẹ́ la ìhà náà pẹ̀lú.

* * *

Ní ti bàbá ọmọ. Mo rí i pé àwọn kan ti ń bú u pé owó ló ń bà á lẹ́rù. Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà á ní ìdí, mo sì mọ̀ ọ́n nínú ilé mi.

Ọmọ mi kejì, wọ́n la ìhà òsì rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wà nítòsí ọkàn tó yẹ kí ó dí fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Tirẹ̀ kò dí, wọ́n sì ní láti so ó. Iṣẹ́ náà yọrí, ọkàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí di òní, ó sì ti di bàbá ọmọ méjì. Ṣùgbọ́n abẹ tí wọ́n lò nígbà náà gé àwọn iṣan ẹran tó nípọn lábẹ́ apá kọjá, kò sì sí ẹni tó sọ fún wa pé kí a máa na apá ọmọ náà sókè. Lónìí, aránṣọ wa tó wà ní Sábó ní láti gé èjìká òsì bùbá rẹ̀ kí ó rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Bí aṣọ ẹbí bá ti délẹ̀, kí n tó lanu ló ti máa ń sọ pé, «Màmá, mo ti rántí èjìká Bùọ̀dá.»

Nítorí náà, bí bàbá ọmọ bá ń bẹ̀rù àbùkù, òótọ́ ni. Ara ọmọdé ṣì ń dàgbà. Bí egungun ìhà méjì bá so pọ̀ níbi tí wọ́n ti là, tàbí tí iṣan ẹran ibẹ̀ bá kú, ẹ̀yìn ọmọ lè wọ́, èjìká rẹ̀ lè wọlẹ̀, ó sì lè má hàn títí di ìgbà tó bá ń bàlágà. Ibi tí kámẹ́rà ti borí nìyí láìsí iyàn. Àmọ́ iṣẹ́ abẹ títóbi pẹ̀lú ti yí padà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe ti ọmọ mi. Ọ̀nà kan wà tí oníṣẹ́ abẹ máa ń gbà ya iṣan ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó tó dé egungun, dípò kí ó gé e. Ẹ bi dókítà yín, ní Yorùbá tàbí ní òyìnbó: «Ṣé ẹ máa gé iṣan ẹran náà ni, àbí ẹ máa yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́?» Bí ó bá dáhùn láì bínú, tó sì fi ìka fi hàn yín lára ọmọ níbi tí yóò là, ẹ ti rí nǹkan kan mọ̀ nípa rẹ̀.

* * *

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní òun ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti tọ́ mi sọ́nà, mo sì dúpẹ́. Ó ní mo sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kámẹ́rà kò lè bó èèpo ìpele kẹta. Ó lè bó o. Àwọn oníṣẹ́ abẹ tó ti mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ń bó o, wọ́n á máa fà á díẹ̀díẹ̀ láti ojú ihò. Ṣùgbọ́n bí èèpo bá ti le, ó máa ń pẹ́, ẹ̀jẹ̀ máa ń ṣàn, ẹ̀dọ̀fóró sì máa ń ya, tí afẹ́fẹ́ yóò fi máa jò láti ara rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Ìka ọwọ́ ènìyàn mọ ibi tí èèpo pin sí àti ibi tí ẹ̀dọ̀fóró ti bẹ̀rẹ̀ ju orí irin lọ. Ohun tí mo rí ní ogún ọdún lé tí mo fi dúró ní yàrá iṣẹ́ abẹ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè yí mi lérò padà.

Òun náà ló tún béèrè ìdí tí a fi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀nà méjì péré ló wà. Ó gba oríyìn. Ní ìpele kejì, nígbà tí ọyún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta okùn, oògùn kan wà tí wọ́n ń gba ojú rọ́bà fi sí inú àyà láti yọ́ àwọn okùn náà. Ní London, wọ́n fi í wé kámẹ́rà láàárín àwọn ọmọ 60, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006: iye ọjọ́ tí ọmọ lò ní ilé ìwòsàn kò yàtọ̀, oògùn ló sì dín owó kù. Ní Kansas City ní Amẹ́ríkà, àwọn mìíràn tún un ṣe láàárín ọmọ 36, tiwọn jáde ní 2009, ohun kan náà ni wọ́n sì rí. Nínú àwọn 18 tó gba oògùn, 3 ló padà nílò kámẹ́rà. Ìyẹn ni pé ọmọ tó bá tètè dé lè bọ́ lọ́wọ́ ihò, kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ abẹ. Fún ẹni tó ń ka èyí tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọjọ́ márùn-ún pẹ̀lú ibà tí kò lọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́: fọ́tò àyà ni kí ẹ lọ yà lónìí. Ọjọ́ mọ́kànlá ti pọ̀ jù. Mi ò sọ ọ́ láti dá ìyá Èbúté lẹ́bi. Ẹni tó ń fún un ní abẹ́rẹ́ ni kí ó gbọ́.

* * *

Arákùnrin tó kọ̀wé láti Àgbádárìgì nípa ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí iṣan ẹ̀gbẹ́ ọkàn kò dí: ti yín yàtọ̀. Robert Gross ló kọ́kọ́ so irú iṣan yẹn ní àṣeyọrí ní Boston ní 1938, fún ọmọbìnrin ọlọ́dún méje. Ìhà ni ó là. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Paris bẹ̀rẹ̀ sí fi kámẹ́rà ṣe é fún ọmọdé. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn ti tó ni wọ́n ń gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ìtan lọ dí i, láì la àyà rárá. Ẹ béèrè ọ̀nà kẹta yẹn kí ẹ tó máa jà lórí méjì àkọ́kọ́.

Ọmọ tuntun tí ìfun rẹ̀ gba ojú ihò kan láàárín ikùn àti àyà wọ inú àyà tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Fún kámẹ́rà, wọ́n ní láti fẹ́ gáàsì sí inú àyà kí àyè lè wà. Ìwádìí kékeré kan tó jáde ní London ní 2013, tí wọ́n ṣe láàárín ọmọ tuntun 20, tí 10 nínú wọn ní àìsàn yìí, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n fi kámẹ́rà ṣiṣẹ́ fún di kíkan, gáàsì tó yẹ kí wọ́n mí jáde sì ń kó jọ sínú ara wọn ju ti àwọn tí wọ́n la. Ti ìfun yìí, ó tún máa ń padà wọlé lẹ́yìn kámẹ́rà ju lẹ́yìn abẹ lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé ihò kékeré ló dára jù fún gbogbo ọmọ àti gbogbo àìsàn àyà, ọjà ni ó ń tà.

Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní fòníkú-fọ̀ladìde, mo rí ìbéèrè yín. Fún ọmọ bẹ́ẹ̀, mo gbè sẹ́yìn ihò kékeré bí ìpele àìsàn bá gbà á, nítorí pé ọmọ tí ìhà ń dùn kì í mí dénú, ẹni tó ní irú ẹ̀jẹ̀ yẹn tí kò sì mí dénú ti fẹ́ wọ wàhálà. Òtútù kò gbọdọ̀ mú un ní yàrá iṣẹ́ abẹ, òùngbẹ kò sì gbọdọ̀ gbẹ ẹ́. Kí dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ̀ sí i ṣáájú.

* * *

Àwọn kan ní kí n má fi iná mànàmáná tó lè lọ lẹ́nu iṣẹ́ kámẹ́rà dẹ́rù bani, pé ilé ìwòsàn ńlá kò ní ìṣòro yẹn. Ó dáa. Ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a ń fi kámẹ́rà ṣiṣẹ́ fún ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án. Iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ yẹ kí ó gbà á láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó ta kú. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú. Irin méjì wà nínú àyà ọmọ, oníṣẹ́ abẹ dì wọ́n mú, kò mira, kò sì mọ ohun tí ẹnu irin náà dì mú mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí à ń gbọ́ ni ẹ̀rọ tó ń mí fún ọmọ, tí bátìrì rẹ̀ ń ké píì, píì. Mo yíjú sí tábìlì ẹ̀yìn, mo rí i pé àwọn irinṣẹ́ tí a fi ń la àyà ṣì wà nínú aṣọ àwọ̀ ewé tí wọ́n fi dì wọ́n, tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú. Èmi ni mo fà á ya. Iná dé kí a tó nílò wọn, ọmọ náà sì lọ sílé lọ́jọ́ kẹjọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, n kò jẹ́ kí wọ́n gbé abẹ lé awọ ọmọ nínú iṣẹ́ kámẹ́rà láì jẹ́ pé tábìlì kejì ti wà ní títú sílẹ̀.

Bí wọ́n bá la àyà, tí iná bá lọ, tọ́ọ̀ṣì orí ti tó láti fi parí rẹ̀. Ẹni tó ń fi kámẹ́rà ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè yí i padà sí lílà lójijì, kí ó sì ti sọ fún yín ṣáájú pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń wà nínú ìwé tí ẹ máa fọwọ́ sí. Bí ó bá yí i padà, ẹ má pè é ní aláìmọ̀ṣẹ́. Èyí tó kọ̀ láti yí i padà ni kí ẹ bẹ̀rù.

Mo tún fẹ́ kí ẹ rí dókítà tó ń kun ènìyàn lóorun sójú, nítorí pé gbogbo ènìyàn ń béèrè oníṣẹ́ abẹ, ẹnikẹ́ni kì í béèrè òun. Nínú iṣẹ́ kámẹ́rà kan, wọ́n máa ń dá ẹ̀dọ̀fóró kan dúró kí èkejì máa dá mí. Rọ́bà ọ̀fun olójú méjì tí wọ́n ń lò fún àgbà, èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ kì í sábà gba ọmọ tí kò tíì tó ọdún 8. Fún ọmọ ọdún 6, ó ní láti mọ ọgbọ́n mìíràn. Ẹ béèrè ìgbà tó kùn ọmọ tó tó ọmọ yín lóorun fún iṣẹ́ àyà kẹ́yìn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti yẹ ọyún náà wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, torí pé bí ó bá jẹ́ òun ni, oògùn oṣù púpọ̀ wà níwájú, ẹnu abẹ nìkan kò sì lè wo ó. Ẹ béèrè iye ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kí ẹbí fi sílẹ̀, ẹ sì wá a kí ilẹ̀ tó mọ́.

* * *

Owó. Ẹ kọ̀wé pé ẹ̀gbọ́n Lẹ́kí ṣì ń pe àwọn ènìyàn. N kò mọ iye tí wọ́n dá lé e, n kò sì ní dá a. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn irin àti rọ́bà àlòsọnù tí wọ́n ń lò nínú iṣẹ́ kámẹ́rà ń ti òkè òkun wá, iye wọn sì ń bá dọ́là rìn. Bí ẹ bá ní káàdì Ìlera Èkó, ẹ gbé e lọ, kí ẹ béèrè ohun tó gbà àti ohun tí kò gbà kí wọ́n tó gbé ọmọ wọlé. Mo mọ ìdílé kan tó dúró de kámẹ́rà fún ọ̀sẹ̀ méje. Nígbà tí owó pé, dókítà kámẹ́rà wo fọ́tò, ó ní òun náà máa là á ni. Wọ́n san owó kámẹ́rà, wọ́n gba abẹ.

Bí ẹ bá máa gbé e kúrò ní Ìkòròdú lọ sí Ìkẹjà, ẹ mọ̀ pé sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Mile 12 kì í bojú àánú woni. Ìgò tó wà ní ìdí rọ́bà yẹn, kí ó máa wà nísàlẹ̀ ju àyà ọmọ lọ ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá gbé e sókè, omi inú rẹ̀ lè ṣàn padà sí àyà. Bí ó bá ń hó nínú omi, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí rọ́bà náà pa nítorí ìrìn àjò. Kí ẹnì kan jókòó sílẹ̀ ọkọ̀ láti di ìgò náà mú, kí ó má ṣe ohun mìíràn. Bí omi inú rẹ̀ bá ń lọ sókè sódò bí ọmọ ṣe ń mí, ara rọ̀ yín.

* * *

Ìyá Èbúté padà wá ní ọjọ́ kọkàndínlógún. Mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ síhìn-ín bó ṣe kọ ọ́:

«Màmá, wọ́n ti là á. Bàbá rẹ̀ lọ bá dókítà fúnra rẹ̀, ó bi í nípa iṣan ẹran tí ẹ sọ. Dókítà mú bírò, ó fà ìlà sí ara bàbá rẹ̀ gan-an, ó fi ibi tí òun máa là hàn án, ó ní òun máa ya iṣan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ẹ̀rín ló pa á. Ó fọwọ́ sí i. Èèpo tí wọ́n bó kúrò, wọ́n fi hàn mí nínú àwo, ó nípọn bí awọ pọ̀nmọ́. Kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ. Wọ́n yọ rọ́bà lọ́jọ́ kẹfà, a délé lọ́jọ́ kẹsàn-án. Ó ń jẹun. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀, ó ń gbé e mọ́ra bí adìẹ tó ṣẹ́ ní ìyẹ́, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń wẹ̀. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ kí ó máa sinmi?»

* * *

Ẹ má fi í sílẹ̀. Ìsinmi yẹn ló sọ ọmọ tèmi di oníbàárà aránṣọ.

Ẹ fún un ní oògùn ìrora tí wọ́n kọ fún un, ẹ dúró bí ìdajì wákàtí, lẹ́yìn náà kí ó máa fẹ́ fèrè rọ́bà, ẹ̀ẹ̀mẹwàá láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹwàá lálẹ́. Bí ó bá sú u, ẹ bu omi ọṣẹ sínú ike kí ó máa fi ọ̀pá ìfàmu hó o. Ó máa ń dùn mọ́ wọn ju fèrè lọ. Aṣọ ni kí ẹ fi kọ́ ọwọ́ rẹ̀: kí ó máa fi ọwọ́ òsì kọ́kọ́ wọ apá ẹ̀wù, kí ọ̀tún tẹ̀ lé e. Kí ó máa fi òsì gbé ike bomi sí orí nígbà tó bá ń wẹ̀.

Ẹ mú èédú, ẹ dúró tì í lẹ́bàá ògiri, kí ó na ọwọ́ òsì sókè débi tó bá lè dé, kí ẹ fa ìlà síbẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹ fa ti ọwọ́ ọ̀tún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí bàbá rẹ̀ máa fà á, ó ti mọ ìlà fà báyìí. Lọ́jọ́ tí iléèwé bá wọlé, ẹ padà wá sọ fún mi iye ìka tó ṣẹ́ kù láàárín ìlà méjèèjì.